Láti Ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ dé Ọ̀dọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà: Ìrànlọ́wọ́ Ogun àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn nínú Ìtàn Wa

Ìfáàrà

Ẹni tó bá dúró níwájú gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tó sì kọjú sí ìsàlẹ̀ ní apá Ọjà'ba, ilẹ̀ tó ń wò yẹn kì í ṣe ilẹ̀ ọjà lásán. Oyè Ìbà tí Olúyọ̀lé jẹ kí ó tó di Baṣọ̀run ni ọjà náà fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Láti àdúgbò yìí, láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹ́yẹrúnkà, ni àwọn olórí ogun ti ń kó ọmọ ogun jáde lọ gba ìlú onílùú sílẹ̀, tàbí kí wọ́n lọ kó o. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá ní àárín Ìbàdàn àtijọ́ yìí kì í rin ìrìn jíjìn kí a tó rí àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 2022, ìròyìn jáde pé ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí títa hẹlikópítà ogun 12 fún Nàìjíríà, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin wọn ti kọ́kọ́ dá ọjà náà dúró nítorí ìwà àwọn ọmọ ogun wa. A mú ìròyìn náà wọ kíláàsì fún ìjíròrò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló fi wọ́n jẹ ajẹ́lẹ̀ lé wa lórí?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ náà ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo so nǹkan méjì pọ̀ tí ìwé tí a fi ń kọ́ wọn kò so pọ̀. A kò rí ìdáhùn gidi fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí a rò sí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn ni a kọ síhìn-ín.

Kí ohun tí a ń wí lè yé ara wa: ìjọba ilẹ̀ kan lè fi owó, ohun ìjà tàbí ẹ̀kọ́ ogun ran ìjọba ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́. Ní àwọn ilẹ̀ kan, àwọn aṣòfin a máa dí ọwọ́ ìjọba tiwọn mú nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Wọn a ní kí ìjọba kọ́kọ́ wádìí bóyá àwọn tí òun fẹ́ ràn lọ́wọ́ ń pa aláìṣẹ̀, bóyá wọ́n ń dá ènìyàn lóró, bóyá wọ́n ń gbé ènìyàn lọ tí a kì í gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìrànlọ́wọ́ náà kò gbọdọ̀ lọ. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti olùdánwò kíyè sí èdè tí a fi ń sọ ọ́. Nínú ìwé ìdánwò, àwọn ọmọ a máa kọ "ìrànlọ́wọ́ ààbò", ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀ bóyá ẹni tí a dáàbò bò ni wọ́n ń sọ tàbí ẹni tó gba ìbọn. "Ìrànlọ́wọ́ ogun" ni a óò lò níhìn-ín, nítorí pé ìbọn àti ẹ̀kọ́ ìbọn ni ọ̀rọ̀ dá lé. "Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn" kò ní wàhálà. Àpólà ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá kan tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún pé ènìyàn kì í ṣe ẹran.

Ìbàdàn ran ìlú lọ́wọ́, Ìbàdàn rán ajẹ́lẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin ká Òṣogbo mọ́. Òṣogbo ké sí Ìbàdàn, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì lọ, wọ́n lé ogun náà padà. Kò sí òpìtàn kan tó jiyàn pé iṣẹ́ ńlá ni Ìbàdàn ṣe lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ ni ìlú lẹ́yìn ìlú ní apá Ọ̀ṣun, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Àkókó ti ń bọ́ sábẹ́ Ìbàdàn. Òmíràn wá fúnra rẹ̀ láti sá fún ogun ẹlòmíràn, òmíràn sì jẹ́ èyí tí Ìbàdàn fi ipá mú. Bí ìlú bá ti wọlé báyìí, wọn a fi ajẹ́lẹ̀ sí i.

Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó mọ ìtàn: kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó máa gba àlejò tó bá ti Ìbàdàn wá, kí ó sì máa ṣọ́ ìlú kí wọ́n má baà dìtẹ̀. Ìlú náà yóò tún ní babakékeré ní Ìbàdàn, ìyẹn ìjòyè kan tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀ bí ara bá ń ni wọ́n. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Babakékeré yìí ni ọ̀nà tí ìlú tí à ń jẹ gàba lé lórí lè gbà gbé ẹjọ́ ajẹ́lẹ̀ dé iwájú àwọn àgbà Ìbàdàn. Lójú ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe tò ó, ètò tó dára ni. Àléébù rẹ̀ kò ju pé babakékeré náà ń jẹ nínú ìṣákọ́lẹ̀ tí ajẹ́lẹ̀ ń gbà. Bí ajẹ́lẹ̀ bá fi ìkà gba igbá méjì dípò ẹyọ kan, apá kan nínú èkejì lè dé agbolé ẹni tí wọ́n ń sunkún lọ bá.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ajẹ́lẹ̀ kò mọ òwe yìí. Samuel Johnson, tó gbé ní Ìbàdàn, tó sì parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò bo ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn mọ́lẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọkàn rẹ̀ sì fà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ní ọdún 1878, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìwà àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀ mú inú Fábùnmi ru, idà sì jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pa àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Èkìtì Parapọ̀ dìde, Ògèdèǹgbé wá ṣíwájú wọn, ogun Kírìjí sì bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ Látòósà kú sí ojú ogun náà ní 1885. Ìwé àdéhùn àlàáfíà jáde ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó.

A kò sọ pé ajẹ́lẹ̀ nìkan ló fa Kírìjí. Ọ̀ràn ọ̀nà òkun wà níbẹ̀, ọ̀ràn ìbọn tuntun wà níbẹ̀, ìlara àwọn ìjòyè sí ara wọn náà wà níbẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn àgbà ọlọ́gbọ́n kún ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, síbẹ̀ a kò rí òfin kan tí wọ́n ṣe pé ajẹ́lẹ̀ tó bá ń fi ìyà jẹ ènìyàn kò ní rí ọmọ ogun Ìbàdàn lẹ́yìn ara rẹ̀ mọ́. Ìbínú Ìbàdàn ń bẹ fún ìlú tó bá pa ajẹ́lẹ̀. Fún ajẹ́lẹ̀ tó pa ìlú, a kò mọ èyí tó ń bẹ.

Nígbà tí Ìbàdàn náà gba ajẹ́lẹ̀

Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lè rò pé òde òní ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í so ìrànlọ́wọ́ ogun mọ́ ìwà ọmọlúwàbí. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní etí òkun wa. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ Èkó lọ́wọ́ Akítóyè. Akítóyè sá lọ, ó sì wá ń bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Àgbádárìgì pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, òun yóò sì fòpin sí òwò ẹrú. Ní àkókò yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ ti di iyàn nílé aṣòfin wọn ní London. Aṣòfin kan tó ń jẹ́ William Hutt ní àwọn ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń jẹ owó lásán, kí wọ́n kó wọn wálé. Ní oṣù kẹta ọdún 1850, ọ̀pọ̀ àwọn aṣòfin kọ àbá rẹ̀. Ní 1851, Àjàyí Crowther wà ní London, ó bá Palmerston tó jẹ́ mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, ó sì dé iwájú Ọbabìnrin Victoria. Ẹrú àná ló ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún àwọn tó ní ọkọ̀ ogun. Ní òpin oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n da ìbọn bo Èkó, Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè sì padà sórí oyè. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852 ló tọwọ́ bọ ìwé: kò ní sí òwò ẹrú mọ́, wọn kò ní fi ènìyàn rúbọ mọ́, ọ̀nà yóò ṣí fún oníṣòwò àti oníwàásù.

Ìrànlọ́wọ́ ogun tó ní májẹ̀mú ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nínú nìyẹn, ó sì jẹ́ 145 ọdún ṣáájú òfin tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ire wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọn ì bá tà kọjá òkun tí wọn kò tà, a kò gbọ́dọ̀ bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè tọwọ́ bọ ìwé mìíràn nígbà tí ọkọ̀ ogun dúró sí ọ̀sà. Ìwé náà ló gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Ẹni tó wá bá ni lé olè ló di onílé.

Ó kan Ìbàdàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1893, Gómìnà Carter la ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó sì tú ibùdó Kírìjí ká. Nígbà tó ní kí àwọn ìjòyè Ìbàdàn gba aṣojú ìjọba Èkó sí ìlú wọn, wọ́n kọ̀. Lára ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ẹrú yóò sá lọ, aya yóò sì kọ ọkọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ẹ̀rù náà dá lé, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ̀tọ́ náà yóò pa lára. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1893 ni wọ́n tó gbà, nígbà ayé Baálẹ̀ Fíjàbí, Denton ló sì ṣojú ìjọba Èkó nígbà náà. Ní òpin ọdún náà, Ọ̀gágun Bower dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Haúsá.

Kí ni àwọn ará Ìbàdàn pe Bower? Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n pè é. Wọn kò wá ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn tó ti ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ẹlòmíràn fún 50 ọdún mọ nǹkan náà bí wọ́n ti rí i. A rò pé kò sí àpẹẹrẹ tó dára jù èyí lọ fún olùkọ́ tó fẹ́ fi han àwọn ọmọ bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń fẹ̀ sí i.

Bower tètè fi han pé òun kì í ṣe àlejò. Ní 1894 ó mú Ògèdèǹgbé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ará Òkèihò, ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá nítorí ó bá aya ẹlòmíràn lò, dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ìyà ìkà ni wọ́n fi jẹ ọkùnrin náà, a kò lè fi ẹnu méjì sọ ọ́. Bower wá fi àgbá ìbọn dá Ọ̀yọ́ lóhùn ní ọjọ́ 12 oṣù náà, ilé jóná, ènìyàn kú. Nítorí ẹ̀tọ́ ẹnìkan, ta ló ka iye àwọn tí ẹ̀tọ́ tiwọn bá iná lọ? Ilé aṣòfin London kò bi Bower ní ìbéèrè kankan tó mú ìyà wá. Ní 1936, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan ní ìrántí rẹ̀ sórí Òkè Ààrẹ. Láyípo ni à ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn tó ń yí po nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń gùn ún lọ wo ìlú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún.

Òfin Leahy

A ó fò kọjá ogun abẹ́lé wa tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967 tó sì parí ní oṣù kìíní 1970, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ìwé odidi kan. Ohun kan péré ni a óò mú níbẹ̀. Amẹ́ríkà ní òun kò ní ta ohun ìjà fún apá méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ń tà fún ìjọba àpapọ̀, àwọn aṣòfin wọn sì ń bá Harold Wilson fa ọ̀rọ̀ náà léraléra ní 1968 àti 1969. Ìdáhùn ìjọba Wilson ni pé bí àwọn kò bá tà, Rọ́ṣíà yóò tà. Rọ́ṣíà sì ti ń tà ní tòótọ́: bàálù ogun MiG ti dé. Ẹ fi ìdáhùn yìí sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun Vietnam, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ibi tí ìbọn wọn ń lọ. Ní 1973, Donald Fraser láti ìpínlẹ̀ Minnesota bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ìwádìí lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nílẹ̀ òkèèrè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe òfin tó ní kí ìrànlọ́wọ́ ogun má lọ sí ìjọba tó sọ ìwà ìkà di àṣà. Ìmọ̀ràn lásán ni ní 1974, ó sì di dandan nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n òfin náà wúwo jù láti lò. Láti sọ pé ìjọba odidi ilẹ̀ kan jẹ́ òṣìkà, ààrẹ wo ni yóò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Patrick Leahy, tó ṣojú ìpínlẹ̀ Vermont nílé Aṣòfin Àgbà láti 1975 sí 2023, ló rí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀ràn àwọn ológun Colombia ló kọ́kọ́ mú un ronú sí i. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún sí òfin ìnáwó ọdún 1997, ó gbòòrò lẹ́yìn náà dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ológun, ó sì di òfin àtìgbàdégbà ní 2008. Kò dá odidi ìjọba lẹ́bi. Ẹ̀ka ọmọ ogun tàbí ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ló ń wò. Bí ẹ̀rí tó ṣe é gbà gbọ́ bá wà pé ẹ̀ka kan ti pa ènìyàn láìsí ìdájọ́, tó dá ènìyàn lóró, tó jí ènìyàn gbé tàbí tó fipá bá ènìyàn lò, ẹ̀ka yẹn kò gbọdọ̀ rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Kí wọ́n tó kọ́ ọmọ ogun ní ohunkóhun, wọn yóò kọ́kọ́ yẹ orúkọ rẹ̀ àti ti ẹ̀ka rẹ̀ wò. Òfin náà sì ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: bí ìjọba ilẹ̀ náà bá ń gbé ìgbésẹ̀ gidi láti fi ìyà jẹ àwọn tó hùwà náà, ìrànlọ́wọ́ lè máa lọ.

Lójú tiwa, ilẹ̀kùn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú òfin náà, òun sì ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nínú àròyé àwọn ìjọba. Òfin náà kò béèrè pé kí ọmọ ogun má ṣẹ̀ rárá. Ó béèrè pé kí a gbé ẹni tó ṣẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́.

Nàìjíríà lábẹ́ òfin náà

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2014, Boko Haram kọlu bárékè Giwa ní Maiduguri, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé níbẹ̀ sì sá jáde. Àjọ Amnesty International ní àwọn ọmọ ogun pa ju 600 nínú wọn lẹ́yìn náà. Oṣù kan gééré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok. Bí ìnira náà ti rí nìyẹn: àwọn tó yẹ kí ó gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀ ni wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Bí o bá jẹ́ aṣòfin, apá wo ni ìwọ yóò fi síbẹ̀?

Nàìjíríà fẹ́ ra hẹlikópítà ogun, Amẹ́ríkà kò sì jẹ́ kí Israel ta àwọn tirẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ikọ̀ wa ní Washington, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébọ̀wálé Adéfúyẹ̀, òpìtàn bíi tiwa, bọ́ síta, ó ní ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà kò tó, ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń dí wa lọ́wọ́ sì jẹ́ àgbọ́sọ. Láìpẹ́ Nàìjíríà dá ẹ̀kọ́ tí Amẹ́ríkà ń kọ́ àwọn ọmọ ogun wa dúró. Ní oṣù keje 2015, Ààrẹ Buhari fúnra rẹ̀ sọ ní Washington pé bí wọ́n ṣe ń lo òfin Leahy ti ran Boko Haram lọ́wọ́ láìmọ̀. Sẹ́nétọ̀ Leahy kò gbà. Ó ní àwọn ẹ̀ka tí ọwọ́ wọn mọ́ lè gba ìrànlọ́wọ́, kí Nàìjíríà fi àwọn oníwà ìkà jófin. Oṣù kan ṣáájú ìrìn àjò Buhari ni Amnesty ti gbé ìròyìn kan jáde pé láti 2011, ju 7,000 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ló ti kú sí àtìmọ́lé àwọn ológun.

A ti gbọ́ ọ kí olùkọ́ máa sọ fún ọmọ pé òfin Leahy ló kọ̀ láti ta bàálù fún wa. Èyí kò pé. Ìrànlọ́wọ́ ni òfin náà ń dè, ìyẹn ohun tí owó Amẹ́ríkà ń san. Ohun tí ìjọba wa fi owó ara rẹ̀ rà, òfin mìíràn ló wà fún un. Òfin yẹn ní kí ìjọba fi ọjà ogun tó bá tóbi tó ilé aṣòfin létí, àwọn aṣòfin sì ní àṣà láti ní kí ó dúró ná. Bákan náà ni òfin Leahy kò pa gbogbo ọ̀nà dé: ní oṣù kìíní 2016, Amẹ́ríkà fún Nàìjíríà ní ọkọ̀ 24 tí bọ́ǹbù ilẹ̀ kì í tètè ràn.

Ọ̀rọ̀ bàálù Super Tucano fi èyí hàn kedere. Ìjọba Obama ti ń múra àtità 12 nínú rẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 2017, bàálù ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno. Ju 100 ènìyàn ló kú, àwọn tó ń pín oúnjẹ àti àwọn tó tò fún un. Wọ́n dá ọjà náà dúró. Ìjọba Trump gbé e dìde padà. Sẹ́nétọ̀ Cory Booker àti Rand Paul, tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kò pa pọ̀, kọ̀wé pé kí wọ́n má tà á, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2017 ó dé iwájú ilé aṣòfin, iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 593 dọ́là. Àwọn 6 àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Kano ní oṣù keje 2021. Oṣù yẹn kan náà ni a gbọ́ pé àwọn aṣáájú ìgbìmọ̀ ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ti dá hẹlikópítà 12 dúró, àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ wa béèrè ìdí wọn. Ní oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i, iye rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní 2023, Chris Smith àti Sara Jacobs, aṣòfin méjì láti ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tún bẹ ìjọba wọn pé kí wọ́n fagi lé e. Ní gbogbo àkókò yìí, Nàìjíríà ń ra bàálù lọ́dọ̀ Rọ́ṣíà àti Pakistan. Ìdáhùn Wilson ti padà dé.

Kí a má sì gbàgbé ilé. Ní oṣù kẹwàá 2020, ìwọ́de EndSARS dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbọn pa ọ̀dọ́ kan ní ọjọ́ 10 oṣù náà, àwọn mìíràn sì tún kú níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní London, aṣòfin Kate Osamor tẹ mínísítà kan nínú títí ó fi jẹ́wọ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ àwọn ọlọ́pàá SARS ní ẹ̀kọ́ láàárín 2016 sí 2020. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ju 200,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ilé aṣòfin sì jíròrò rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ọmọ ilẹ̀ yìí tó ń san owó orí ní ìlú òyìnbó wá rí i pé nínú owó òun ni wọ́n ti kọ́ ẹni tó ń lé àbúrò òun kiri ní ilé.

A padà sí ìbéèrè ọmọ náà. Ẹni tó ní òun kò ní yá ènìyàn ní ọ̀bẹ tó fi ń gún ọmọ ilé rẹ̀, kò fi ara rẹ̀ jẹ ajẹ́lẹ̀ lé e lórí. Ajẹ́lẹ̀ wá gba nǹkan, aṣòfin yìí sì ń fa nǹkan ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ibi tí a gbà fún ọmọ náà ni pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Abu Ghraib ní Iraq hàn sí gbogbo ayé ní 2004. Leahy fúnra rẹ̀ ráhùn ní 2016 pé wọn kò wádìí Israel àti Egypt bó ti yẹ. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí ọmọ náà kò bi wá. Kí ló dé tó fi jẹ́ aṣòfin Vermont ló ń béèrè ẹni tó kú ní Rann? Abacha ló dá àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1995, ọdún tí wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa. Ní 2017 ni òfin tó lòdì sí ìdánilóró tó di òfin. Ilé aṣòfin wa ní Abuja ló ń fọwọ́ sí owó tí wọ́n fi ń ra bàálù wọ̀nyí, a kò sì tíì gbọ́ pé wọ́n so ìnáwó ẹ̀ka kan ṣoṣo mọ́ ìwà rẹ̀. Babakékeré ni wọ́n, wọ́n sì ń jẹ nínú ìṣákọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2023, bàálù aláìláwakọ̀ ti iléeṣẹ́ ológun wa ju bọ́ǹbù sí Tudun Biri ní Kaduna, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń ṣe Mọ́líídì. Ó kéré tán, ènìyàn 85 ló kú. Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn ológun kéde pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn méjì yóò jẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ ológun. Nígbà tí a ka ìròyìn náà fún kíláàsì tó wà lọ́wọ́ wa lọ́dún náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí a ṣe ni kí a kọ orúkọ abúlé náà sójú pátákó, kí àwọn lè mọ bí a ṣe ń pè é.